Ẹ̀rín ẹnu àti ìwà inú: kí ni ojú ènìyàn lè sọ nípa rẹ̀?

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2025 ni apá kan nínú òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Apá òfin náà sọ pé agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀rọ ka ohun tó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú tàbí ohùn rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera tàbí ti ààbò. Ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí lè béèrè ohun tó fa òfin. Ohun tó fà á ni pé ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ń ta ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó lè wo fídíò ẹni tó ń wá iṣẹ́, kí ó wọn bí igun ẹnu rẹ̀ ṣe ń lọ sókè, bí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe ń ṣẹ́, bí awọ iwájú orí rẹ̀ ṣe ń hunjọ, kí ó sì ti ibẹ̀ sọ fún ọ̀gá bóyá ọlọ́yàyà ni, bóyá ó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, bóyá yóò lè bá ẹlòmíràn ṣe pọ̀.

HireVue, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ fi fídíò yẹ àwọn tó ń wáṣẹ́ wò, kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2021 pé òun ti yọ wíwo ojú kúrò nínú ohun tí òun fi ń díwọ̀n ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Microsoft náà sọ pé òun yóò mú apá tó ń sọ ìmọ̀lára ẹni kúrò nínú ètò tí òun fi ń dá ojú mọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ ìwífún aráàlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí kò tíì gbó tó ohun tí à ń gbé ìpinnu lé. Nígbà tí ẹni tó ń ta ọjà bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o kúrò lórí àtẹ, ó yẹ kí á wádìí ohun tó wà nídìí ọjà ọ̀hún.

Ìgbàgbọ́ pé ojú ń sọ ìwà kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. A mọ ẹni tó tújúká yàtọ̀ sí ẹni tó ń lejú, a sì mọ ìgbà tí ojú ẹni bá fà ro. Ṣùgbọ́n èdè wa kan náà ló pín ẹ̀rín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀rín músẹ́ kì í ṣe ẹ̀rín ìyàngì, ẹ̀rín ìyàngì kì í ṣe ẹ̀rín àríntàkìtì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí ọ̀ràn bá ti ju ẹkún lọ ní ipò tirẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun lè ka ẹ̀rín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èwo nínú wọn ni òun ń kà.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àlùfáà kan ní ìlú Zurich, Johann Kaspar Lavater, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde ní ọdún 1775 pé ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń wo imú, iwájú orí àti àgbọ̀n yóò mọ ìwà ènìyàn. Ní ọdún 1876, Cesare Lombroso, dókítà kan ní ilẹ̀ Ítálì, gbé e kọjá bẹ́ẹ̀: ó ní ìrísí ara àti ti ojú lè fi ẹni tí a bí ní ọ̀daràn hàn. Ìmọ̀ ti já àwọn méjèèjì nírọ́, ìpalára tí èrò Lombroso sì ṣe fún àwọn tálákà àti fún àwọn tí wọ́n kà sí ẹ̀yà rírẹlẹ̀ kò kéré rárá. Èrò bẹ́ẹ̀ ni mo rí tó tún ń wọlé padà báyìí, tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà gbé sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò yẹ kí á gbàgbé orúkọ wọn.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wúlò títí di òní ni Guillaume Duchenne, dókítà ará Faransé, tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ojú jáde ní ọdún 1862. Ó máa ń fi iná mànàmáná kan iṣan ojú àwọn ènìyàn, pàápàá bàbá àgbàlagbà kan tí awọ ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìrora, kí ó lè mọ iṣẹ́ tí iṣan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó rí i pé iṣan tó ń fa igun ẹnu sókè máa ń gbọ́ràn sí ẹni lẹ́nu, pé ẹni tó bá fẹ́ lè fà á nígbàkigbà. Ní ti iṣan tó yí ẹyinjú po, tó ń gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè tó sì ń mú kí awọ ẹ̀gbẹ́ ojú hunjọ, ó ní ayọ̀ tòótọ́ nìkan ló ń jí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ẹ̀rín tó kan ẹnu àti ojú pọ̀ ní ẹ̀rín Duchenne. Ìwádìí ọ̀rúndún tí a wà yìí ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ̀rín náà bí wọ́n bá fẹ́, nítorí náà kò tó ẹ̀rí òtítọ́ mọ́ bí Duchenne ṣe rò.

Ní ọdún 1978, Paul Ekman àti Wallace Friesen, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ètò kan kalẹ̀ tí à ń pè ní FACS, nínú èyí tí wọ́n fún gbogbo ohun tí iṣan ojú lè ṣe ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà 12 ni fífa igun ẹnu sókè, nọ́ńbà 6 ni gbígbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè, ẹ̀rín Duchenne sì ni 6 àti 12 papọ̀. Ètò yìí dára gan-an, nítorí pé ohun tí ojú ṣe nìkan ló ń kọ sílẹ̀, kò sọ ohun tí ọkàn ń rò. Àárín ohun tí ojú ṣe àti ohun tó túmọ̀ sí ni gbogbo àríyànjiyàn wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti fò kọjá bí ẹni pé kò sí kòtò níbẹ̀.

Ekman fúnra rẹ̀ gbà pé kòtò náà kò jìn. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Fore ní Papua New Guinea ní ìparí àwọn ọdún 1960, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ìmọ̀lára bí ayọ̀, ìbànújẹ́, ìbínú àti ìríra ní ojú kan náà níbi gbogbo lágbàáyé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, Carlos Crivelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti erékùṣù Trobriand, ní orílẹ̀-èdè Papua New Guinea kan náà, pé ojú tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ojú ìbẹ̀rù, tí ẹyinjú là sílẹ̀ tí ẹnu sì ṣí, ojú ẹni tó ń halẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kà á sí. Ní ọdún 2019, onímọ̀ márùn-ún tí Lisa Feldman Barrett ṣáájú wọn tú iṣẹ́ ìwádìí tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan yẹ̀ wò. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń bínú máa ń lejú, wọ́n ní, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìgbà tí inú ń bí ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a sì tún máa ń lejú nígbà tí a bá ń ronú jinlẹ̀ tàbí tí inú bá ń run wá. Ẹ̀rọ tó bá ka gbogbo ojú líle sí ìbínú yóò ṣi ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ mú.

Bó bá ṣòro tó báyìí láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan, mélòó mélòó ni ìwà rẹ̀, tó jẹ́ ohun tó ń gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ọ̀pọ̀ wa ti rí ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pín ènìyàn sí oríṣi 16, tó sì ń fi lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin pè wọ́n. Ìyá àti ọmọ kan ní Amẹ́ríkà, Katharine Briggs àti Isabel Briggs Myers, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940 láti inú èrò Carl Jung, oníṣègùn ọpọlọ ará Switzerland. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìwà ẹ̀dá kò gbára lé e, nítorí pé ìwà kò rí bí àpótí tí ènìyàn ń wọ̀ tàbí tí kì í wọ̀. Bí gíga ara ló ṣe rí: àwọn tó pọ̀ jù wà láàárín, àwọn díẹ̀ ga púpọ̀, àwọn díẹ̀ sì kúrú. Ohun márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n báyìí: ọ̀yàyà, inú rere sí ẹlòmíràn, ìfarabalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìfẹ́ láti mọ ohun tuntun, àti bí ọkàn ẹni ṣe máa ń tètè dàrú sí. Kálukú wa ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ nínú márààrún.

Nínú márùn-ún yìí, ọ̀yàyà ni ẹ̀rín ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù. Ní ọdún 2009, Laura Naumann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ya fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí wọ́n dúró gbọnin-gbọnin, kí ojú wọn má sọ ohunkóhun. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí kálukú dúró bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fọ́tò náà fún àwọn tí kò mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún rí. Nínú fọ́tò tí kálukú ti dúró bó ṣe wù ú, àwọn awòran mọ àwọn ọlọ́yàyà dáadáa, ẹ̀rín sì wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ máa ń wà láàárín ènìyàn, ẹni tó bá wà láàárín ènìyàn sì ni ìdí láti rẹ́rìn-ín máa ń pọ̀ fún.

Ìwádìí tó lókìkí jù ni ti LeeAnne Harker àti Dacher Keltner ní ọdún 2001. Wọ́n mú fọ́tò ìparí ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó jáde ní Mills College ní California ní ọdún 1958 àti 1960, wọ́n fi nọ́ńbà FACS wọn bí ẹ̀rín wọn ṣe kún tó, wọ́n sì fi wé ohun tí àwọn obìnrin náà sọ nípa ara wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn tí ẹ̀rín wọn kún jù sọ pé ọkàn àwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dàrú, pé àwọn súnmọ́ ènìyàn, ilé ọkọ sì tura fún wọn nígbà tí wọ́n pé ẹni ọdún 52. Ó jọni lójú, mo gbà. Ṣùgbọ́n obìnrin ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni, nínú ayé ìgbà kan ṣoṣo, níbi tí ọmọbìnrin tí kò bá rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà ti lè jẹ́ ẹni tí ojú ń tì tàbí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwádìí yẹn sọ ohun kan nípa àpapọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, kò sọ ohunkóhun tí a lè fi ṣe ìdájọ́ ẹnì kan nínú wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwádìí mìíràn tún yẹ kí á mọ̀. Ní ọdún 2010, Ernest Abel àti Michael Kruger wo fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball 230 ní Amẹ́ríkà láti inú ìwé orúkọ wọn ti ọdún 1952. Nínú àwọn tó ti kú, ẹ̀mí àwọn tí ẹ̀rín wọn kún gùn tó nǹkan bí ọdún 80, ti àwọn tí kò rẹ́rìn-ín rárá sì jẹ́ nǹkan bí ọdún 73. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ẹ̀rín ń fa ẹ̀mí gùn. Ní ọdún 2018, Michael Dufner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìwádìí náà ṣe, wọn kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ka ìròyìn àkọ́kọ́ pọ̀ ju àwọn tó ka èkejì lọ, èyí sì ń dùn mí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi ta ẹ̀rọ wọn ṣe ń gbèrú.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti sọ ìwà ènìyàn láti inú fọ́tò ojú. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn jẹ́ 12,447, fọ́tò tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́ 31,367. Bí 0 bá túmọ̀ sí pé ohun méjì kò bára mu rárá, tí 1 sì túmọ̀ sí pé wọ́n bára mu délẹ̀délẹ̀, iye tí kọ̀ǹpútà náà ní lápapọ̀ lé díẹ̀ ní 0.24. Ó ju àfọ̀njú lọ lóòótọ́. Síbẹ̀, bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó mú ìwà ènìyàn yàtọ̀ síra ni 0.24 lè ṣàlàyé, ìdá 94 yòókù wà níbi tí kámẹ́rà kò dé. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbani síṣẹ́ fi iye yìí sọ́kàn kí ó tó fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí iye náà fi kéré kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá ń wo bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ ni ẹ̀rín. Ní ọdún 1979, Robert Kraut àti Robert Johnston tẹ ìwádìí kan jáde láti ibi ìgbafẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń yí bọ́ọ̀lù lu igi. Ẹni tó bá wó gbogbo igi náà lulẹ̀ kì í sábà rẹ́rìn-ín nígbà tó ṣì kọjú sí igi; ìgbà tó bá yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rín máa ń dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni José-Miguel Fernández-Dols àti María-Angeles Ruiz-Belda rí i nípa àwọn tó gba wúrà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Barcelona ní ọdún 1992: inú wọn dùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá kojú àwọn èrò ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú kámẹ́rà nínú yàrá òun nìkan, kí ó máa dáhùn ìbéèrè tí kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni wá, kí a wá fi ẹ̀rín tí kò rín ṣe ẹ̀rí pé kò ní ọ̀yàyà. Ta ni ì bá rẹ́rìn-ín sí?

Ẹ̀kọ́ ilé tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí Kuba Krys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2016 láti àwùjọ 44 fi hàn pé níbòmíràn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n kà sí ọlọ́gbọ́n, níbòmíràn sì rèé ó lè mú kí wọ́n rò pé làákàyè rẹ̀ kò pé. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àgbà ń bá a wí, tàbí tó bá tẹjú mọ́ àgbà lójú, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Stephen Sprague, tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní ọdún 1978 pé fọ́tò àgbà Yorùbá ní ìlànà tirẹ̀: ẹni tí wọ́n ń yà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, ojú á sì tutù. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé títí di òní. Ojú tútù yẹn ni àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ ní, àwọn tí wọ́n ti rọ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Ìwà tó pé, ìfarabalẹ̀ àti iyì ni àwọn baba wa ń wá lójú bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ẹ̀rín yóò wo ojú kan náà, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni yìí kò kó ènìyàn mọ́ra.

Ọmọ Yorùbá tó ń wáṣẹ́ ní London tàbí ní Houston ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra. Ní ọdún 2018, Lauren Rhue fi ètò méjì tó ń ka ìmọ̀lára, ti Face++ àti ti Microsoft, wo fọ́tò àwọn agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n ti NBA. Ó rí i pé Face++ ń kọ ìbínú mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú lórí ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kódà nígbà tí ẹ̀rín wọn jọra; ti Microsoft sì ń kọ ẹ̀gàn mọ́ wọn lórí nígbà tí ohun tí ojú wọn ń sọ kò bá hàn kedere. Ká tilẹ̀ fi àwọ̀ sílẹ̀, àrùn Parkinson máa ń mú kí ojú le bí ojú ère, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí iṣan ẹ̀gbẹ́ ojú kan rẹ̀ kú kò lè fa igun ẹnu méjèèjì sókè pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra sì ń rẹ́rìn-ín fún gbogbo ayé láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló wọ̀ mí lára jù: pé ẹni tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò tún kọ́kọ́ ṣì kà.

Ohun tó mú kí ọjà yìí rí oníbàárà ni pé àwa náà máa ń dájọ́ bẹ́ẹ̀. Janine Willis àti Alexander Todorov fi hàn ní ọdún 2006 pé bí ojú tí a kò rí rí bá hàn fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré, a ti pinnu bóyá ẹni náà ṣeé fọkàn tán, bí a bá sì fi kún àkókò náà, ìpinnu yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìdánilójú wa ló ń pọ̀ sí i. Ní ọdún tó ṣáájú èyí ni Todorov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé àwọn tó kàn wo fọ́tò olùdíje méjì, tí wọ́n sì sọ èyí tó jọ ẹni tó mọṣẹ́, mọ ẹni tó wọlé nínú nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ìdìbò sílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Kò túmọ̀ sí pé àwọn tó wọlé mọṣẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ojú ń darí wa láìjẹ́ pé a mọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa tún un ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóòjọ́, wọn yóò sì máa pè é ní ìṣirò.

Òfin Yúróòpù kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2020 pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ kí AI wo fídíò ẹni tó ń wáṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un, kí ó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti irú ohun tó ń wò, kí ó sì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìwífún tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ pé kí ìpinnu tó kan ìgbésí ayé rẹ̀ gidigidi má ṣe wá láti ọwọ́ ẹ̀rọ nìkan, àyàfi ní àwọn ọ̀nà kan tí òfin náà là sílẹ̀, ó sì lè béèrè pé kí ènìyàn dá sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí o fi fídíò dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́, kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú ọjọ́ náà, kí o béèrè bóyá ènìyàn ni yóò wo fídíò náà tàbí ẹ̀rọ, bóyá ojú rẹ wà lára ohun tí wọn yóò wọ̀n, àti ẹni tí ìwọ yóò kàn sí bí o kò bá fara mọ́ èsì. Kí o sì tọ́jú ìdáhùn wọn.